Òǹtẹ̀ Ń Bẹ Lẹ́yìn, Owó Ń Bẹ Lójú

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Yorùbá tó ti lé ní ogójì ọdún ka ohun tó wà nínú ilé ìdáná ìyá rẹ̀ àgbà, abọ́ tánńganran kò ní ṣàì sí níbẹ̀: abọ́ funfun tí etí rẹ̀ búlúù, tí wọ́n ya òdòdó pupa sí nínú, tó bá ẹrù ìyàwó wọlé, tí wọn kì í gbé jáde àyàfi bí àlejò bá dé. Ọjọ́ tó bá já bọ́ lórí sìmẹ́ǹtì ni àṣírí rẹ̀ ń tú. Ibì kan á bó létí, irin dúdú inú á yọjú, kò sì ní pẹ́ tí ibẹ̀ á fi dógùn-ún. Abọ́ náà kò jò, ọbẹ̀ kò sì bàjẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò jẹ́ fi bu oúnjẹ fún àlejò mọ́.

Nítorí tánńganran yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ àtijọ́ ṣe ń di awò mọ́jú láàárọ̀ Sátidé ní ọjà Portobello, ní Lọ́ńdọ̀nù. Tiwọn kéré: búróòṣì tí obìnrin ń fi mọ́ àyà aṣọ, yẹtí, òrùka, orí abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ń de fìlà mọ́ irun. Fàdákà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀ dípò irin. Síbẹ̀ ìbéèrè ìyá àgbà náà ni tiwọn: ṣé ó ti bó? Ìdáhùn rẹ̀ lè sọ ohun ọ̀ṣọ́ di àlòkù tí wọ́n ń gbé ka orí ìwọ̀n.

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Gíláàsì ni. Wọ́n á lọ gíláàsì aláwọ̀ kúnná bí èlùbọ́, wọ́n á fi omi pò ó, wọ́n á rọra tẹ́ ẹ sójú fàdákà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó tì í bọ inú iná ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹ̀fun yẹn á yọ́, á sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ fàdákà. Kóbáltì ló ń fún un ní àwọ̀ búlúù, bàbà ń fún un ní àwọ̀ ewé. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé fàdákà tí wọ́n sábà fi ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́, èyí tí 925 nínú 1000 rẹ̀ jẹ́ ojúlówó tí ìyókù sì jẹ́ bàbà, ti ń yọ́ kí iná tó pé 900. Àlàfo tó wà láàárín iṣẹ́ tó jinná àti iṣẹ́ tó di omi kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà lè wọ iná lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí àwọ̀ rẹ̀ tó pé.

Láti ọdún 1300 ni òfin ti ń ṣọ́ fàdákà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin kankan kò ṣọ́ gíláàsì rí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ adíyelé ti ń le, nítorí orí gíláàsì ni owó wà.

Ọba Edward Kìíní ló pàṣẹ lọ́dún náà pé fàdákà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tó ṣe é títí àwọn alábòójútó iṣẹ́ náà á fi yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n á sì lu orí ẹkùn sí i lára. Nígbà náà, àwọn alábòójútó ló ń rìn kiri láti ilé iṣẹ́ dé ilé iṣẹ́. Ní 1478, wọ́n yí i padà: alágbẹ̀dẹ fúnra rẹ̀ ni kó gbé iṣẹ́ wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, Goldsmiths' Hall. Gbọ̀ngàn yìí ló wà nínú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe òǹtẹ̀ náà títí dòní, hallmark. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu lẹ́tà kan mọ́ ọn, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ẹni tó ń ro ti àwa tí à ń wá ọjọ́ orí nǹkan nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé bí fàdákà tí kò pé ìwọ̀n bá bọ́ sọ́jà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ àyẹ̀wò lọ́dún náà, kí wọ́n sì di ẹ̀bi rù ú.

Kìnnìún dé ní 1544. Henry Kẹjọ ló wà lórí oyè, ó sì ń da bàbà púpọ̀ mọ́ fàdákà owó ìlú débi pé ọkàn ará ìlú kò balẹ̀ mọ́ lórí ohun tí ọba bá pè ní fàdákà. Kìnnìún kékeré tó ń rìn, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ni wọ́n wá ń lù sára ohun tó bá pé ìwọ̀n. Ó ṣì ń rìn lára fàdákà Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ṣeré rárá: láàárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, ikú ni ìjìyà ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ṣe ayédèrú rẹ̀.

Ní Birmingham, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí bí eèrùn, kò sí ilé àyẹ̀wò kankan. Matthew Boulton, ọkùnrin tó wá bá James Watt dòwò pọ̀ lórí ẹ̀rọ olóoru, ní láti kó fàdákà rẹ̀ lọ sí Chester lórí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́, ìrìn àádọ́rin máìlì ó lé díẹ̀, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Òmíràn á padà dé pẹ̀lú àpá lára, òmíràn á ti tẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Àwọn alágbẹ̀dẹ Lọ́ńdọ̀nù gbógun tì í, nítorí ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n tú owó-orí ẹnu bodè rẹ̀ ká? Ní 1773, Boulton borí, Birmingham àti Sheffield sì gba ilé àyẹ̀wò tiwọn lọ́jọ́ kan náà. Birmingham mú ìdákọ̀ró ṣe àmì, bẹ́ẹ̀ òkun kò sí nítòsí rẹ̀ rárá. Sheffield mú adé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Crown and Anchor, Adé àti Ìdákọ̀ró, ni àwọn ará ìlú méjèèjì ti ń ṣèpàdé, pé wọ́n sì ta owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tó máa mú èwo. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá ọtí ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó dájú ni pé Sheffield fi adé sílẹ̀ ní 1975, ó gba òdòdó rósì, ìdákọ̀ró Birmingham kò sì tíì ṣí kúrò lójú kan.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni adíyelé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní orí abẹ́rẹ́ fìlà kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá wà lójú, iná fìtílà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rí C àti H. Ó rí kìnnìún. Ó rí idà kan láàárín ìtí àlìkámà mẹ́ta, àmì Chester, ilé àyẹ̀wò tí wọ́n tì pa ní 1962. Ó rí lẹ́tà ọdún. Láìbi ẹnikẹ́ni, ó ti mọ̀ pé Charles Horner ti Halifax, ní Yorkshire, ló ṣe é, ó mọ ọdún tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì mọ bí ojúlówó inú rẹ̀ ti tó. Ta ni yóò rí irú ìwé ìbí bẹ́ẹ̀ gbà lára ìlẹ̀kẹ̀?

Ìdílé Horner yìí tọ́ ká dúró lé lórí díẹ̀. Charles, bàbá wọn, kọ́kọ́ lókìkí nídìí ìbọ̀ka, ìyẹn fìlà kékeré tí aránṣọ ń fi dé orí ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún un. Fàdákà rọ̀, abẹ́rẹ́ ń gún un kọjá. Ní 1884, ó gba ẹ̀tọ́ oníhumọ̀ lórí ìbọ̀ka tó fi irin líle sí àárín fàdákà méjì, ó pè é ní Dorcas. Nítorí irin tó wà nínú rẹ̀, ilé àyẹ̀wò kò lè lu kìnnìún sí i. Bí ó ṣe di pé fàdákà gidi wà lójú rẹ̀ tí òfin kò sì mọ̀ ọ́n nìyẹn, títí dòní ni àwọn tí kò mọ ìtàn náà sì ń jù ú sínú agbada àwọn nǹkan tí wọ́n fi omi fàdákà lásán pa. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ wọlé, wọ́n sì ń tẹ ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà jáde lọ́pọ̀ yanturu, èyí tó rọ̀ lọ́rùn fún ìyàwó akọ̀wé àti olùkọ́ láti rà. Tánńganran tí wọ́n fi sí i ni gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀: àwọ̀ ewé tó ń rọra wọ inú búlúù, bí ìrù ọ̀kín.

Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tí wọ́n lù sẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, kò sí ọ̀kan tó sọ̀rọ̀ nípa ìrù ọ̀kín yẹn. Ẹnikẹ́ni lè ti ha gíláàsì náà dànù ní àná, kó sì fi òmíràn sí i. Kìnnìún ò ní pariwo.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí òǹtẹ̀ ń gbà dákẹ́. Ilé ìtajà Liberty, ní Regent Street ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé fàdákà tó pè ní Cymric jáde ní 1899. Láti 1901 ló ti bá ilé iṣẹ́ W. H. Haseler ti Birmingham dòwò pọ̀ lórí rẹ̀. Archibald Knox, ọmọ erékùṣù Man, ló ya èyí tó wuni jù nínú wọn: ìlà tó ń lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn, pẹ̀lú tánńganran búlúù àti àwọ̀ ewé tó pàdé láàárín. Ṣùgbọ́n Liberty kì í jẹ́ kí orúkọ ayàwòrán hàn lára ọjà rẹ̀. Orúkọ Liberty nìkan ni kí oníbàárà máa pè. Èyí ló fà á tí orúkọ Knox fi wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ní búróòṣì Liberty láti tà, bó jẹ́ tirẹ̀ tàbí kò jẹ́ tirẹ̀. Adíyelé tó mọ iṣẹ́ á ní kí wọ́n fi ìwé àwòrán tàbí nọ́ńbà iṣẹ́ han òun. Bí kò bá sí, á kọ "Liberty" sílẹ̀, á sì dákẹ́.

Ìtàn tó tún ń gbówó lórí ju òǹtẹ̀ lọ ni ti àwọn obìnrin tó jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ní 1908, ẹgbẹ́ Women's Social and Political Union, tí Emmeline Pankhurst ń darí, mú àwọ̀ mẹ́ta: àlùkò, funfun àti àwọ̀ ewé. Sylvia, ọmọ rẹ̀, ló ya búróòṣì fàdákà tí wọ́n fún àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n ní Holloway: géètì onírin, pẹ̀lú ọfà tó jẹ́ àmì aṣọ ẹlẹ́wọ̀n, àwọ̀ mẹ́ta náà sì wà lára ọfà. Àwọn tó fi ebi pa ara wọn nínú túbú gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà. Ohun iyebíye ni ìwọ̀nyí, àwọn ilé ìpamọ́ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé ní wọn lọ́wọ́, a sì lè tọpasẹ̀ ẹni tó ni wọ́n.

Ìṣòro ni àwọn yòókù. Ẹnì kan ṣàkíyèsí pé lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn àwọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì bá gbólóhùn tó ní kí wọ́n fún obìnrin ní ìbò mu, ni ọ̀rọ̀ bá di ti ẹnu ọjà. Láti ìgbà náà, kò sí búróòṣì ìgbà ọba Edward Keje tó ní àlùkò àti àwọ̀ ewé díẹ̀ tí wọn kò fẹ́ sọ di ti ajìjàgbara. Aṣọ ìgbà náà fẹ́ràn àwọ̀ wọ̀nyí, àwọn obìnrin tí kò bìkítà fún ìbò sì wọ̀ wọ́n. Òmíràn tilẹ̀ ní lẹ́tà ọdún tó ṣáájú 1908 lẹ́yìn, tí olùtà kò sì yí i wò.

Àmọ́ bí a bá ń wá ibi tí fàdákà àti tánńganran ti jọ dàgbà bí ìbejì, Nọ́wè ni ká gbà lọ. Jacob Tostrup ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1832 ní Kristiania, ìlú tó gba orúkọ Oslo padà ní 1925. David Andersen ṣí tirẹ̀ ní ìlú kan náà ní 1876. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí, àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn díje lórí irú tánńganran tó ń ya àwọn ará Paris lẹ́nu: okùn fàdákà tín-ín-rín ni férémù, gíláàsì dí àlàfo àárín, kò sì sí ohunkóhun tó gbé e lẹ́yìn. Bí a bá gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ á gbà á kọjá bíi fèrèsé ilé ìjọsìn. Gustav Gaudernack, tí wọ́n bí ní Bohemia, tó ṣiṣẹ́ fún David-Andersen kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, fi ọ̀nà yìí ṣe ọpọ́n kan ní 1907 tí lámilámi dì mọ́, ìyẹ́ wọn jẹ́ gíláàsì, tín-ín-rín débi pé ìka lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jẹ́ níṣẹ́jú kan.

Irú èyí kì í bọ́ sí àtẹ ọjà lásán. Èyí tó ń bọ́ síbẹ̀ ni labalábá.

Láàárín ọ̀rúndún ogún, àwọn ilé iṣẹ́ Nọ́wè bíi David-Andersen, Hroar Prydz, Aksel Holmsen àti Ivar T. Holth ṣe labalábá àti ewé fàdákà lóríṣiríṣi. Ohun tó ń tàn lára wọn wà lábẹ́ gíláàsì. Kí wọ́n tó tẹ́ ìyẹ̀fun sí i, ẹ̀rọ á ti kọ́kọ́ fín fàdákà náà ní ìlà wẹ́wẹ́ tó ń tàn jáde láti àárín bí ìtànṣán oòrùn. Gíláàsì tó bò ó mọ́ gaara. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, á kọlu ìlà, á padà jáde, tó fi jẹ́ pé bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá mí, ìyẹ́ náà á dà bí ẹni pé ó mira. Ẹ yí i padà: 925S, STERLING, NORWAY. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí àlejò àti ọjà òkèèrè ni wọ́n ní lọ́kàn. Èyí tó bá dàgbà díẹ̀ lè ní 830S, ìwọ̀n tí òfin Nọ́wè gbà láyè. Bí òṣùwọ̀n ọlọ́wọ́ méjì kékeré bá wà níbẹ̀, ti David-Andersen ni. Oníṣòwò tó ń kánjú a máa pe gbogbo labalábá ní David-Andersen, nítorí orúkọ náà ń tajà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò kan. Labalábá kan wọn gíráàmù mẹ́fà. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ fàdákà, ojúlówó inú rẹ̀ á jẹ́ gíráàmù 5.55. Ounce tí wọ́n fi ń ta fàdákà jẹ́ gíráàmù 31.1. Bí ounce kan bá jẹ́ 30 dọ́là, owó fàdákà labalábá náà kò ju dọ́là márùn-ún ó lé díẹ̀ lọ, a kò sì tíì yọ ìwọ̀n gíláàsì kúrò. Ẹni tó bá sì rí i pé ìyẹ́ rẹ̀ pé, á san ọ̀pọ̀ ìlọ́po ìyẹn láìjanpata. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún.

Ìgbà kan wà tí ìṣirò yìí yí padà, ó sì ṣe ọṣẹ́. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Hunt, ọlọ́rọ̀ epo ní Texas, bẹ̀rẹ̀ sí í ra fàdákà ayé jọ. Ounce kan tó jẹ́ nǹkan bíi dọ́là mẹ́fà níbẹ̀rẹ̀ 1979 gun òkè dé nǹkan bí 50 dọ́là ní oṣù Kínní 1980. Àwọn ènìyàn kó ṣíbí, ìkòkò tíì àti búróòṣì ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yọ́ fàdákà. Gíláàsì kò níye lórí nínú kòkò iná, èérí ni wọ́n kà á sí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, ọjà náà dojú dé, ounce kan sì já wálẹ̀ sí ohun tí kò tó 11 dọ́là. Àwọn ohun tí wọ́n ti yọ́ kò padà wá.

Àwọn tó bọ́ nínú iná yẹn ni àwọn alátùn-únṣe ń dúró dè. Láti tún tánńganran tó bó ṣe bó ti yẹ, wọ́n ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi òmíràn sí i, kí wọ́n sì tún tì í bọ iná. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀nà tó yá ni pé kí wọ́n po oje aláwọ̀ tí kì í wọná, kí wọ́n fi dí ihò náà. Lójú lásán, ó jọra. Lábẹ́ awò, etí ibi tí ayédèrú bá ti pàdé gíláàsì a máa hàn bí etí àpá. Lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, ó sábà máa ń tàn yàtọ̀. Àwọn àgbà nídìí òwò náà a máa fi kan eyín wọn: gíláàsì tutù, ó sì le, oje lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀yìn náà tún ń sọ̀rọ̀. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti ṣẹ́ rí, ẹni tó tún un ṣe kò lè fi iná tó gbóná jó o kí gíláàsì má sán, nítorí náà òjé ló sábà fi lẹ̀ ẹ́. Kókó eérú kan á wà níbẹ̀, rúgúrúgú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé kí òun tún yí i padà wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Òǹtẹ̀ pàápàá ń purọ́. Ilé iṣẹ́ Fabergé ní St. Petersburg, tí ìjọba Bolshevik tì ní 1918, ni wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù nínú gbogbo oníṣẹ́ tánńganran. Lórí fàdákà Rọ́ṣíà, orí obìnrin kan ni òǹtẹ̀ láti 1899: ó kọjú sí apá òsì títí di 1908, lẹ́yìn ìyẹn ó kọjú sí apá ọ̀tún. Aláyédèrú a máa gbàgbé ìyẹn. Ohun tó ń tú u fó jù ni tánńganran fúnra rẹ̀: ti Fabergé ń dán bí omi tó dúró jẹ́ẹ́, tirẹ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́, ó sì ń wọ́ létí. Òǹtẹ̀ ṣeé gbẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọwọ́ tó mọ iná kò ṣeé gbẹ́.

Ìdílé tó ni Tostrup bí obìnrin kan ní 1917 tó wá so òpin méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Grete Prytz Kittelsen gba ẹ̀bùn Lunning ní 1952 fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣe òrùka àti ẹ̀gbà fàdákà tí tánńganran wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, láìsí òdòdó, láìsí labalábá. Lẹ́yìn náà ló gba ilé iṣẹ́ Cathrineholm ní Halden lọ, ó ya abọ́ àti ìkòkò irin tí wọ́n fi tánńganran bò, fún ilé ìdáná. Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú wọn ní ewé òdòdó lótọ́ọ̀sì yí ká. Arne Clausen ló ya òdòdó náà. Ti Grete ni ìrísí abọ́, wọ́n sì máa ń sọ pé kò fẹ́ràn òdòdó yẹn rárá. Èyí kò dí àwọn olùtà lọ́wọ́ láti fi orúkọ rẹ̀ ta gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ó kú ní 2010. Lórí tábìlì kan náà lọ́jà ni òrùka fàdákà rẹ̀ àti abọ́ irin rẹ̀ ń pàdé báyìí. Oníbàárà á yí òrùka padà kó ka 925S. Bó bá gbé abọ́, ìka ni yóò kọ́kọ́ fi tọ́ etí rẹ̀ yí ká, jẹ́jẹ́, kó wá ibi tó ti bó.